Omi Tí Baálẹ̀ Fi Orí Ara Rẹ̀ Rù

Ẹni tí kò bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ẹjọ́, kó má fi ẹnu ara rẹ̀ dá a. Ìkìlọ̀ yìí ni a ṣe fún Ọdẹ́rìndé, Baálẹ̀ Ìgbó-Osè, ní ọdún tí àwọn ìjòyè rẹ̀ dìde sí i, tí òun kò sì mọ ohun tó fi ṣẹ̀ wọ́n.

Ọjọ́ ìpàdé ni. Ọ̀dọ̀fin, tó jẹ́ àgbà láàrin àwọn ìjòyè, dìde, ó kọjú sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe sí Baálẹ̀, ó ní sókè pé àwọn fún Baálẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́jọ sí i kó fi fèsì ohun tí àwọn ń bi í. Bí kò bá fèsì, ìgbìmọ̀ yóò kọ ẹ̀yìn sí i. Ní Ìgbó-Osè, Baálẹ̀ tí ìgbìmọ̀ bá kọ ẹ̀yìn sí, òun àti aya àti ọmọ ni yóò fi ìlú sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọn kì í sì í padà mọ́. Wọ́n sì jáde lọ.

Ìbéèrè wo ni wọ́n bi í? Kò gbọ́ ọ rí. Ẹ má yà á ní òmùgọ̀ o, àṣà ìlú wọn ló fà á. Ní Ìgbó-Osè, ẹnikẹ́ni kì í bá Baálẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹnu-ko-ẹnu nínú ìgbìmọ̀. Létí Olóyèdé, agbẹnusọ, ni wọn yóò rọra sọ ọ́ sí, Olóyèdé yóò wá kọjú sí Baálẹ̀ sọ ọ́. Olóyèdé yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọ̀rọ̀ kíkorò ni kò fẹ́ kó ti ẹnu òun jáde. Bí ìjòyè bá fi ìbínú sọ ogún ọ̀rọ̀ sí i létí, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Baálẹ̀, wọ́n ní ara ìlú kò fi bẹ́ẹ̀ yá, ṣùgbọ́n wọ́n kí yín kú ògiri tuntun." Ògiri gíga tí Ọdẹ́rìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ yí agbo ilé rẹ̀ ká ni ó ń wí. Inú Baálẹ̀ a sì dùn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti lílé kúrò nílùú, Ọdẹ́rìndé gba ilé Efúnwùmí lọ, ìyá arúgbó olórìṣà tó ń da owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún. Olóyèdé tẹ̀ lé e. Ìyá da owó ẹyọ náà sórí àtẹ, ó wò ó pẹ́. Ó ní ire ń bọ̀ wá bá Baálẹ̀, ṣùgbọ́n ire náà kò rí ibi gbà wọlé. Ó ní kó rúbọ: igbín mẹ́rin, ẹyẹlé funfun méjì, àti ìkòkò omi kan láti ìsun tí gbogbo ìlú ń mu.

Ọdẹ́rìndé ní òun ní ìyàwó mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn yóò pọn omi náà.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó pọn ọ́n, Baálẹ̀," ni Efúnwùmí wí. "Ẹ ó ṣí orí sílẹ̀ lọ, ẹ ó sì tò sẹ́yìn ẹni tó bá ṣáájú yín débẹ̀. Ẹbọ tí a bá fi orí ẹlòmíràn rù, orí ẹlòmíràn ni í gbè."

Ó wá yíjú sí Olóyèdé. "Ìwọ náà ní ẹbọ tìrẹ. Adìyẹ kan, àti gbogbo iṣẹ́ tí ìlú rán ọ tí o kò jẹ́. Jẹ́ wọn fún Baálẹ̀ kí ẹ tó délé."

Olóyèdé rẹ́rìn-ín. Ó ní láti ìgbà wo ni ẹnu dídùn ti di ohun tí wọ́n ń rúbọ sí, ṣebí ẹnu yìí náà ni òun fi ń bọ́ ọmọ. Wọ́n rìn títí wọ́n fi délé, kò jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ọdẹ́rìndé gbé ìkòkò, ó gba ìsun lọ. Àwọn obìnrin tó bá níbẹ̀ pọ̀ títí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Wọ́n kúnlẹ̀ kí i, wọ́n fẹ́ yà fún un, ó kọ̀, ó tò sẹ́yìn. Oòrùn pa á lórí títí ó fi di ọ̀sán. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kàn án, ó rí i pé omi náà kò ṣàn mọ́. Ẹ̀kán-ẹ̀kán ló ń ro, pẹ̀lú ẹrẹ̀, ahá kékeré ni wọ́n sì fi ń bù ú. Ó bi obìnrin tó wà níwájú rẹ̀ pé láti ìgbà wo ni ó ti rí bẹ́ẹ̀.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ amọ̀ ògiri yín ni, Baálẹ̀," ni obìnrin náà dáhùn. "A ti ránṣẹ́ sí yín títí, ó ti sú wa."

Ọdẹ́rìndé gbójú sókè. Ní orí ìsun gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti gbẹ́ kòtò ńlá, kòtò náà ló sì ń gbé omi ìlú mì. Ojú tì í, ó sì dùn ún dọ́kàn. Ó pọn omi ẹlẹ́rẹ̀ náà, ó gbé e ka orí, ó gba àárín ọjà kọjá, omi ń ro sí i lọ́rùn. Ó dé ilé Efúnwùmí, ó rú ẹbọ rẹ̀ pé.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àwọn ìjòyè jókòó, wọ́n ti kọ ẹ̀yìn sí àga Baálẹ̀. Ọdẹ́rìndé sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó yí lọ síwájú wọn, ó jókòó sórí ẹní bíi tiwọn. Olóyèdé sáré wá sí àárín, ó ní kó padà.

"Ọ̀dọ̀fin," ni Baálẹ̀ wí, "etí mi nìyí. Ẹ bi mí."

Ẹnu ya Ọ̀dọ̀fin. Ó yíjú sí i, ó ní, "Kí ni àwa àti àwọn ọmọ wa yóò máa mu, Baálẹ̀?"

"Èmi ni mo ba omi yín jẹ́. Ògiri mi ni n ó fi dí kòtò náà. Ẹ gbé ọkọ́, ẹ jẹ́ ká lọ."

Òun ló kọ́kọ́ ṣá ọkọ́ mọ́ ògiri náà. Gbogbo ìlú tú jáde. Ọkùnrin ń wó ògiri, obìnrin ń ru amọ̀, orin ń lọ, àwọn ìjòyè fúnra wọn di alámọ̀. Kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, wọ́n ti dí kòtò náà dọ́gba, omi sì já gààrà láti ojú ìsun, ó mọ́ gaara. Ọ̀dọ̀fin, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún Baálẹ̀ nínú omi.

Olóyèdé ṣì ń wá sí ìpàdé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ sí i létí mọ́. Ó fa adìyẹ lọ bá Efúnwùmí nígbà tó yá, ìyá ní kó mú un padà, nítorí iṣẹ́ tí kò jẹ́ ti jẹ́ ara wọn. Ó káàánú ara rẹ̀ gidigidi.

Ọdẹ́rìndé ní tirẹ̀ jókòó pẹ́ lórí oyè, ó di arúgbó níbẹ̀. Wọ́n ń bi í, ó ń dáhùn, ìlú sì ń gbòòrò. Ẹni tó rúbọ ló ṣẹ́gun, ẹni tó fi ẹbọ rẹ́rìn-ín ló gbé àbámọ̀ lọ sílé.