Màrìwò Tí Wọ́n Ta Sẹ́nu Ọ̀nà Sífáwù

Ní abúlé mẹkáníìkì kan lẹ́bàá Ìkirè, obìnrin kan ṣoṣo ló wà láàárín ọkùnrin mẹ́rìnlélógún. Sífáwù ni orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè túbọ̀ sáré, sínú ọkọ̀ tí kò bá a wáyé. Iṣẹ́ yìí ló fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta.

Akínkúnmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ràn kó máa fi ọkọ̀ sáré, gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, Sífáwù sì fi tọ́bò sí i fún un. Oṣù kan kò pé tó fi padà dé. Kò wá sọ́dọ̀ Sífáwù o, ọ̀dọ̀ Baba Láwàní, alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì, ló gbà lọ.

"Baba, bí mo bá rọra ń lọ, kò sí wàhálà. Kí n kàn tẹ̀ ẹ́ dáadáa, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ayédèrú ẹ̀rọ ni obìnrin yẹn fi sí i."

Baba Láwàní kò ránṣẹ́ pe Sífáwù. Kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Àgbàlagbà bíi tirẹ̀! Ó ní kí wọ́n ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Sífáwù, àmì pé ẹgbẹ́ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni nìyẹn. Nígbà tí Sífáwù rí i láàárọ̀, inú bí i gidigidi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà níbẹ̀. Bí ọkùnrin bá ba ọkọ̀ jẹ́, wọ́n á ní àṣìṣe ni. Tirẹ̀ wá di ìwà ọ̀daràn.

Ó kọjú sí Baba. "Ẹ kú ìjókòó, sà. Ta ló bi mí léèrè?"

"Oníbàárà ti sọ tẹnu rẹ̀."

"Èmi ńkọ́? Ọkọ̀ gan-an ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká gbé e bọ́ sójú títì."

Baba ránṣẹ́ pe Akínkúnmi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọnú ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́, àfi ìgbà tí Akínkúnmi tẹ̀ ẹ́, ló bá ń ta pàpàpà. Sífáwù ní kó dúró. "Bí epo ni kò tó, díẹ̀díẹ̀ ni á máa rẹ̀ ẹ́. Èyí ń já lójijì. Iná ni kò ràn."

Ó tú pulọ́ọ̀gì kan, èyí tó ń ta iná sí ẹ́ńjìnnì. Ẹnu pulọ́ọ̀gì náà là gbàgà. "Atẹ́gùn tọ́bò á fẹ́ iná yìí pa ni. Èmi ti mú ẹnu àwọn tèmi sún mọ́ra kí n tó gbé ọkọ̀ fún yín. Pulọ́ọ̀gì mi kọ́ nìyí."

Akínkúnmi dorí kodò. "Mo pààrọ̀ wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi ní bí ẹnu wọn bá là, agbára ọkọ̀ á pọ̀ sí i."

"Ṣé ẹ sọ fún Baba?"

"Baba ò bi mí."

Sífáwù lu ẹnu gbogbo pulọ́ọ̀gì náà wọlé, ó dá wọn padà. Ọkọ̀ sáré dé òpin agbára rẹ̀, kò wúkọ́ mọ́. Baba Láwàní wá ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti tán, Sífáwù. Má bínú."

Sífáwù kò rẹ́rìn-ín. "Mo bínú, Baba. Ọmọ yìí kò mọ̀ ni. Ẹ̀yin mọ̀ pé mo lẹ́nu, ẹ sì fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi láìbi mí ní gbólóhùn kan."

Lójú gbogbo ẹgbẹ́, Baba fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ já màrìwò náà. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà ibẹ̀ fi ń pa á lówe títí dòní pé: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.