Obì Tó Wà Lábẹ́ Ìkarahun

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹnu yín wúwo. Ṣé ẹ ò jẹun ni? Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló pàdé èèyàn lójú ọ̀nà, tó wọlé lọ, síbẹ̀ tí kò kúrò lójú kan? Ìbídàpọ̀, panu mọ́, mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Àlọ́ mi yí gbiri, ó yí gbiri, ó kọjá lẹ́nu ọ̀nà gbogbo ẹranko, ó wá lọ jókòó sọ́dọ̀ Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo.

Nígbà kan, àwọn ẹranko ń gbé inú igbó kan tó yí ìsun omi ká. Baálẹ̀ ló ni ilẹ̀ náà. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi obì san ìṣákọ́lẹ̀ fún un, agbọ̀n ńlá kan, kó kún dé etí. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, obì kò so dáadáa, àwọn agégẹdú sì ti wà lọ́dọ̀ Baálẹ̀ tàwọn ti àáké. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pé, "Bí agbọ̀n yín kò bá kún, mo máa ní kí wọ́n gé igbó náà."

Ìyá Àgbọ̀nrín ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì ń gbọ̀n. Ìyá náà ké sáwọn yòókù pé:

"Ibo ni mo fẹ́ gbé ọmọ jòjòló yìí gbà? Ẹ jẹ́ ká tọrọ obì kiri. Ta ló máa yọ̀ǹda ara ẹ̀?"

Kí Ọ̀kẹ́rẹ́ tó lanu, Ìjàpá ti fò dìde. "Èmi nìyí!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó tìfura-tìfura. "Ìwọ tí o kì í bá wa gbálẹ̀ etí ìsun? Ṣé kò sí o?"

"Ọ̀rọ̀ igbó wa yìí dùn mí dé akínyẹmí ara ni."

Ni Ìyá Àgbọ̀nrín, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Ìjàpá bá ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ mú obì wá o,
Igbó wa!
Kí àáké má wọ̀ ọ́ o,
Igbó wa!
Ibẹ̀ lomi wa wà o,
Igbó wa!

Háà, àwọn ẹranko lawọ́! Ẹni tó ní obì kan ṣoṣo, ó mú un wá. Yánníbo pàápàá mú èyí tó fi pamọ́ sísàlẹ̀ ìkòkò jáde. Ṣùgbọ́n láyé ọjọ́un, ìkarahun Ìjàpá fẹ̀ gan-an, bí agbádá bàbá tí ọmọdé gbé wọ̀. Bó bá ju obì kan sínú agbọ̀n, á ju òmíràn sábẹ́ ìkarahun níbi ọrùn ara rẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń jalè! Ó ní òun á fi ra iṣu lọ́jà. Nígbà tó délé, ojú Yánníbo mú jù, kò rí ibi tú u sí. Ibi tó ti ń wá ọgbọ́n dá ni Baálẹ̀ ti ní kí gbogbo ẹni tó tọrọ obì máa gbé e bọ̀.

Wọ́n gbé agbọ̀n dé iwájú Baálẹ̀. Baálẹ̀ bẹjú wò ó.

"Kò kún."

Omi lé ròrò sójú Ìyá Àgbọ̀nrín. Ó kúnlẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ ṣàánú wa, Baba!" Ìjàpá nìkan ló nàró ṣánṣán.

Baálẹ̀ ní, "Ta nìyẹn tó dúró bí òpó?"

"Ẹ má bínú, Baba. Ìbàdí ló ń dùn mí."

"Ẹ tọrọ àánú lọ́dọ̀ mi, ẹ ò lè kí mi? Ẹ̀yin agégẹdú, ẹ gbé àáké yín!"

"Ìjàpá, torí ọmọ mi!" Ìyá Àgbọ̀nrín figbe ta. "Dọ̀bálẹ̀!"

"Bí mo bá tẹ̀ báyìí, mo lè má dìde mọ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ò dúró gbọ́ àwáwí. Ó ta á lẹ́sẹ̀. Ìjàpá dojú bolẹ̀, gbì! Ni obì bá ń dà wọ̀ọ̀ọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó ń yí lọ síbi ẹsẹ̀ Baálẹ̀.

Baálẹ̀ nawọ́ sí obì náà.

"Ìjàpá, kí lèyí?"

"Baba, mo... mo ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni. Kí agbọ̀n má baà wúwo jù."

Ẹ̀rín pa Baálẹ̀, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣa obì náà sínú agbọ̀n. Ó kún dé etí, ó tún lé. Baálẹ̀ ní káwọn agégẹdú máa lọ ilé wọn. Ìyá Àgbọ̀nrín mí kanlẹ̀. Ara tù ú pẹ̀sẹ̀, ara tu gbogbo wọn, wọ́n ń kọrin padà sílé. Ó bá ọmọ rẹ̀ níbi tó fi í sí, lábẹ́ òjìji igi, ó ń sùn. Ó lá a lójú, ó lá a létí, ó ń sunkún ayọ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ lu Ìjàpá. Ìyá Àgbọ̀nrín ní, "Fi í sílẹ̀. Bí inú mi ṣe dùn tó yìí, mi ò lè bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, Ìjàpá, ẹnikẹ́ni tó o bá pàdé, fa orí àti ọrùn rẹ wọlé, ká rí i pé o ò gbé nǹkan wa síbẹ̀."

Ìdí nìyẹn tí ìjàpá fi máa ń fa orí wọlé bó bá ti rí wa. Kì í ṣe ìtìjú, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ó ń jẹ́ ká yẹ ọrùn òun wò ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé rèé, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Bẹ́ ẹ bá rò pé mo purọ́, ẹ lọ kí ìjàpá létí odò lọ́la, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣe.