Ìdí Tí Ẹtu Fi Ń Wẹ̀yìn Bó Bá Ń Sáré

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi yí gbiiri gbiiri, ó fo odò kọjá, ó bà lé Ẹtu, ó bà lé Ọ̀yà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó bà lé Ìgbín àgbà inú igbó.

Ẹtu àti Ọ̀yà jọ ń gbé létí ọ̀dàn. Wọ́n jọ ń jẹ̀, wọ́n jọ ń ṣeré. Lọ́gbẹlẹ̀ ọdún kan, iná jó ọ̀dàn. Ẹtu gbọ́ òórùn èéfín, ó ki eré mọ́lẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Ọ̀yà lẹ́yìn: "Ẹtu, dúró dè mí!" Ẹtu kò dúró. Ọ̀yà kò jáde nínú iná.

Láti ọjọ́ náà, ọkàn Ẹtu kò balẹ̀ mọ́. Ewé bọ́, àyà rẹ̀ já. Ẹyẹ fò, àyà rẹ̀ já. Ó ní, "Màá gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí ni, tipátipá."

Ó kó lọ sí òdìkejì odò. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lọ́sàn-án gangan, ó gbọ́ "Dúró dè mí!" nínú esùsú.

Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ Ọ̀yà nílé yìí." Àwọn ọmọ panu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá ti la ẹnu, bó tilẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ló fẹ́ tọrọ, Ẹtu á ti fò dìde. Ó rò pé orúkọ yẹn ló fẹ́ jáde.

Ó rù. Ó wá tọ Ìgbín lọ.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ewé ìgbàgbé."

"Kí lo fẹ́ gbàgbé?"

"Mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀."

Ìgbín yọ ojú síta díẹ̀díẹ̀. "Báwo lo ṣe ń mọ̀ bóyá o ti gbàgbé?"

"Àràárọ̀ ni mo ń bi ara mi pé, 'Ṣé mo ti gbàgbé Ọ̀yà?'"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń ṣọ́ àlejò kó má wọlé, ṣé kì í ṣe òun náà ló ń fojoojúmọ́ rí àlejò? Kò sí ewé rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Padà síbi tí iná ti jó. Ìyá Ọ̀yà ṣì wà níbẹ̀."

Ẹ̀rù ba Ẹtu, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ti ju ẹ̀rù lọ. Ó lọ. Koríko tútù ti hù ní ọ̀dàn. Ìyá Ọ̀yà ń jẹ̀ níbẹ̀. Ẹtu kúnlẹ̀.

"Ìyá, Ọ̀yà pè mí. Mo gbọ́. Mi ò dúró."

Ìyá náà ní, "Bó o bá dúró, ẹkún ẹni méjì là bá máa sun." Ó nu ojú. "Èmi nìkan ni mo ń rántí rẹ̀ látìgbà yẹn, ó sì ti sú mi. Jókòó. Sọ bí ẹ ṣe máa ń ṣeré fún mi."

Ẹtu sọ ọ́. Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Ẹtu gbé orí lé koríko, ó sì sùn bí ọmọ tuntun.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá lé Ẹtu lónìí, á sáré díẹ̀, á dúró, á wẹ̀yìn, kó tó máa lọ. Ó ń wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀ lẹ́yìn tó yẹ kó dúró dè. Ẹ̀rù rẹ̀ kò tán, àmọ́ kò sá fún ìrántí mọ́.

Ibi tí mo ti bá àlọ́ mi nìyẹn. Ibẹ̀ náà ni mo fi í sí fún yín.