Ẹ̀wà Àwẹ̀ró nínú Omi Híhó

"Jíjẹ là á fún àlejò, a kì í fún un ní gbíngbìn." Gbogbo wa la ń pa òwe yìí. Mélòó nínú wa ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Ní abà Ìlódò, ẹ̀wà pupa kan wà tí ọ̀dá kì í pa, tí kòkòrò kì í sì í jẹ. Àwọn ìyá ńlá wọn ló ń ṣa irúgbìn rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Inú akèrègbè kan lájà ni Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́wálé, ń fi tirẹ̀ pamọ́ sí.

Ọkùnrin kan wa mọ́tò dé láti ìlú ńlá. Ìtàn yìí kò ní dárúkọ rẹ̀. Kò tọ́ sí i. Ó jẹ ẹ̀wà náà nílé Ọdẹ́wálé, ó lá ọwọ́, ó yìn ín. Àṣà Ìlódò sì ni pé ohun tí àlejò bá yìn nílé ẹni, a ò gbọdọ̀ fi dù ú.

Àwẹ̀ró rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Báyìí náà ni àlejò kan ṣe yin iṣu abà kejì. Nígbà tó yá, wọ́n ní iṣu náà ti di ti ilé-iṣẹ́ kan, ọlọ́pàá sì kó àwọn àgbẹ̀ tó gbìn ín láìgbàṣẹ.

"Ìyá, ẹ bu irúgbìn rẹ̀ fún mi, ká lè gbìn ín lọ́hùn-ún," ni ọkùnrin náà wí fún Àwẹ̀ró.

"Tó bá so, kí ni tiwa níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ ó máa rà á lọ́jà ni!"

Ọdẹ́wálé bá a rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, gbé akèrègbè wá jàre. Àbí o fẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní ahun?"

Àwẹ̀ró gbé e sọ̀ kalẹ̀ láti àjà. Bó bá fún un, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbìn láìbẹ̀rù? Bó bá kọ̀, ó ti dójú ti ọkọ rẹ̀. Omi ń hó lórí iná. Ó da gbogbo ẹ̀wà náà sí i, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù.

"Irúgbìn wa!" Ọdẹ́wálé figbe ta. "Kí la ó gbìn lọ́dún yìí?"

Àwẹ̀ró fi ọmọrí dé ìkòkò. "Àlejò wa yìn ín, mo ń sè é fún un."

Ọkùnrin náà fìbínú jáde. Ṣùgbọ́n ariwo Ọdẹ́wálé ti ṣáájú rẹ̀ dé etí àwọn ará abà: gbogbo ilé tó yà láti tọrọ irúgbìn, ìkòkò ẹ̀wà ló ń hó níbẹ̀.

Nígbà tí òjò rọ̀, oko Ọdẹ́wálé ṣófo, ebi sì wọlé tọ̀ wọ́n, kí àwọn aládùúgbò tó bu ẹ̀kúnwọ́ irúgbìn kọ̀ọ̀kan wá nínú èyí tí wọn ò sè.

Ìyẹn ló fi di òwe. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ogún rẹ̀ tọrẹ, tí ẹni tó ń gbà á kò tíì sọ ìpín onílé, àwọn àgbà á ní: jíjẹ là á fún àlejò, a kì í fún un ní gbíngbìn.