Ohùn Tí Alága Wá Mú Lọ́jà Ẹja

Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa gbọ́ ohùn obìnrin kan lórí fóònù tó ní, “Alága jalè, owó gọ́tà ọjà ẹja wà níkùn rẹ̀.” Ló bá gbé ẹ̀rọ tó ń dá ohùn mọ̀ wá bá àwa obìnrin ẹlẹ́ja lọ́jà, ó ní kí kálukú sọ ọ̀rọ̀ yẹn sí i, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá bá a mu, ìsọ̀ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Dẹ̀jọkẹ́ ọlọ́mọ márùn-ún ló sọ ọ́, gbogbo wa la mọ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, fóònù lọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò Alága. “Bàbá, a kì í ṣáájú àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ sọ ọ́ ná, àwa á gbè é.” Alága jágbe mọ́ ọn: “Òpè! Alága jalè, owó gọ́tà ọjà ẹja wà níkùn rẹ̀! Ó yá, wí!” Dẹ̀jọkẹ́ dìde. “Ẹ ṣé, sà. Ó ti wọ fóònù mi. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìlú ni, àbí ẹ ó gbé ẹ̀rọ yín lọ?” Alága wọ̀tún wòsì, fóònù gbogbo àwa obìnrin ọjà ló ń wò ó. Ó gbé ẹ̀rọ, ó lọ. Dẹ̀jọkẹ́ ò pàdánù ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ló ká ohùn rẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn sórí fóònù, tó tà á fún Alága, a ò sì mọ̀ ọ́n. Ní báyìí, a kì í kí ara wa láìkọ́kọ́ pa fóònù.