Bí Àwọn Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi Ṣe Lọ Mú Sùúrù Wá

Àwọn àgbà a máa sọ pé: "Ilé Sùúrù kò jìnnà, ẹni tó bá jókòó ti débẹ̀." Gbogbo ẹnu ló ń pa á lówe, ṣùgbọ́n ta ló mọ ibi tó ti ṣẹ̀?

Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ìlú Ìdí-Ìyeyè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀wà tí wọ́n ń sè fún wọn kọ̀, ó ní òun kò ní jinná. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì ń fi ṣíbí lu abọ́. Àǹtí Fadérera, olùkọ́ wọn, kéde pé: "Ẹni tí kò bá ní sùúrù kò ní jẹ ẹ̀wà o! Ṣé ẹ rántí? Sùúrù ni baba ìwà." Ló bá wọ ilé ìdáná lọ koná mọ́ ìdí ìkòkò.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Wọn kò mọ ohun tí sùúrù jẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n mọ Ìwà. Ìwàlọlá tó jókòó láàárín wọn ni. Wọ́n sì mọ bàbá rẹ̀, Gbọ́lágadé onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara kan ọgbà ilé ẹ̀kọ́.

"Ìwà, bàbá ẹ ló máa jẹ́ ká jẹun!" ni Awẹ́ró, tó kéré jù nínú wọn, wí.

Gìrìgìrì, wọ́n ti dé ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n di onígbàjámọ̀ lẹ́sẹ̀ mú, wọ́n fà á láṣọ wá sí ilé ẹ̀kọ́, tòun tabẹ lọ́wọ́. Ọládòkun, oníbàárà tó ń fá lórí lọ́wọ́, fò dìde tẹ̀lé wọn. Apá kan orí rẹ̀ ń dán bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, irun sì kún apá kejì.

"Àǹtí, a ti mú Sùúrù wá! Ẹ bu ẹ̀wà wa!"

"Sùúrù kẹ̀? Gbọ́lágadé lèmi ń jẹ́!"

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní: "Sùúrù kì í ṣe ènìyàn. Ẹ jókòó, ẹ má sunkún, ẹ má lu abọ́, títí ẹ̀wà yóò fi jinná."

Wọ́n jókòó. Awẹ́ró ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kí wọ́n má baà lu abọ́. Inú rẹ̀ ń kùn. Nígbà tó yá, ó pariwo pé: "Àǹtí, mo ti rí i! Èyí tí mò ń ṣe yìí ni!"

Ọládòkun ò rí nǹkan kan ní tirẹ̀. Ó ń fò sókè sódò: "Àwọn àna mi ń retí mi! Ṣé ààbọ̀ orí yìí ni kí n gbé lọ bá wọn?" Gbọ́lágadé na abẹ sí i títí, abẹ kò rí orí mú.

Awẹ́ró fa Ọládòkun láṣọ. "Bọ̀ọ̀dá, àwa náà ti sáré wá Sùúrù kiri. Ilé ẹ̀ ò jìnnà o. Ẹ jókòó, ẹ ti débẹ̀."

Ojú ti Ọládòkun, ó jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọ. Kí ẹ̀wà tó jinná, orí rẹ̀ ti ń dán yíká.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pa á lówe. Bí ènìyàn bá ń sá káàkiri nítorí ohun tí ìfarabalẹ̀ lè fún un, àgbà á wò ó, á ní: "Ilé Sùúrù kò jìnnà, ẹni tó bá jókòó ti débẹ̀."