Ọ̀nà Tí Àtẹ́lẹsẹ̀ Nù

Ẹní híhun ni iṣẹ́ ìlú Etíàbàtà. Bí ẹ bá rí ọmọ ibẹ̀ tí koríko kò ya lọ́wọ́ rí, ẹ tún un wò dáadáa, àlejò ni. Koríko gbọọrọ tó ń hù létí àbàtà ni wọ́n ń gé. Wọn a sá a, wọn a là á, wọn a pa á láró, wọn a sì fi hun ẹní tí ọba gan-an kò ní kọ̀ láti sùn lé. Ọjà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ná, ìyẹn Ọjà Ajélànwá, tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ní òdìkejì odò. Ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni wọ́n ń gbà débẹ̀, lórí afárá igi kan. Baba ńlá wọn tó tẹ ìlú dó ló kọ́kọ́ tọ ọ̀nà náà, bí ọmọ kan bá sì béèrè pé ṣé kò sí òmíràn ni, wọn a bi í bóyá ó gbọ́n ju baba ńlá lọ.

Ìyá àgbà kan wà nínú ìlú yìí tí wọ́n ń pè ní Màmá Àwẹ̀ró. Alájàpá ni nígbà tó lágbára. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ra ẹní nílé, tó ru ú gba Ajélànwá kọjá lọ sí àwọn ìlú tó jìnnà, kó tó di pé orúnkún rẹ̀ ní òun kò lọ mọ́. Ọlọ́run kò fún un lọ́mọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kọjá níwájú ilé rẹ̀ láàárọ̀, ẹ ó rò pé ó bí méjìlá.

Bí oòrùn bá ti yọ, tí àwọn ọmọ ti pọn omi tán, àwọn tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí méjìlá a péjọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn kò ju ẹyọ kan lọ. Ọmọ kan á dìde, á fi ẹnu ṣàlàyé ọ̀nà kan tó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ kejì á máa fi igi ya ọ̀nà náà sórí iyanrìn bó ṣe ń gbọ́ ọ. Òkúta ni wọ́n fi ń ṣe òkè, eérú ni wọ́n fi ń ṣe odò, ẹ̀kùrọ́ sì ni igi ńlá. Ọmọ kẹta, tí kò débẹ̀ rí, á wá lọ rin ọ̀nà náà, kò sì gbọdọ̀ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bó bá ṣìnà, òun kọ́ ni Màmá Àwẹ̀ró máa bá wí.

“Ẹnu ló ṣìnà,” bó ṣe máa ń wí nìyẹn. “Ẹsẹ̀ ò jẹ̀bi.”

Ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan tó kà léèwọ̀ lábẹ́ igi náà. “Lọ́hùn-ún” jẹ́ ọ̀kan, “kò jìnnà” sì jẹ́ òmíràn. Ọmọ tó bá ní òun yà “síbẹ̀ yẹn” á tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọwọ́ tó yà sí, ibi tí oòrùn ti ń mú un, ohun tó gbọ́ àti ohun tó ń rùn. Lọ́jọ́ kan tí Dádà, ọmọ Ọdẹ́wálé àgbẹ̀, sọ pé oko bàbá òun kò jìnnà, ìyá àgbà bi í bóyá lójú ẹni tó yó ni kò ti jìnnà ni àbí lójú ẹni tí ebi ń pa. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, Dádà kò wí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn àgbà kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá Ṣẹ̀gi, olórí àwọn ahunní, a máa wí pé arúgbó kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀nà, nínú ìlú tí kò ní ju ọ̀nà kan lọ. Màmá Àwẹ̀ró mọ̀ pé Ìyá Ṣẹ̀gi kò burú, ẹnu rẹ̀ ló kàn mú.

Ọmọ kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ Àyọ̀ká. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Lọ́jọ́ tó kàn án, ó ní òun bá ìyá bàbá òun lọ já ewé kí ìyá náà tó kú, wọ́n sì kọjá igi àràbà ńlá tó wà lópin oko bàbá Dádà. Láti ìdí àràbà yẹn, ó ní wọ́n jẹ́ kí oòrùn àárọ̀ máa mú wọn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, títí wọ́n fi gbọ́ ìró omi, tí wọ́n sì já sórí àpáta pẹrẹsẹ kan. Odò ìlú wọn gan-an ló tẹ́ sílẹ̀ lórí àpáta náà bí aṣọ tí wọ́n sá. Òun kọ oòrùn sẹ́yìn, òun wọ omi náà, kò mu òun ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ní òdìkejì, òun rí àwọn obìnrin tó ru ìkòkò tuntun, tí wọ́n ń lọ.

Màmá Àwẹ̀ró dá a dúró. Odò tó ń gbé ènìyàn lọ lábẹ́ afárá ni ọmọ yìí ń sọ pé kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Òun tó fi ọgbọ̀n ọdún rìn, òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ó bi ara rẹ̀ pé báwo ni ọmọ ọdún mẹ́wàá ṣe lè mọ ọ̀nà tí alájàpá kò mọ̀.

“Àyọ̀ká, ọ̀nà la ní kí o sọ,” ni ó wí. “A ò ní kí o pa àlọ́.”

Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ nu ohun tí wọ́n ti yà sórí iyanrìn, ó sì pe ọmọ mìíràn. Àyọ̀ká jókòó, kò sunkún. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tó bá kàn án, ọ̀nà ilé wọn sí ìdí kànga nìkan ló ń sọ.

Òjò ọdún náà wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, odò kún, ó gbé afárá lọ pẹ̀lú òpó rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ọkùnrin gbìyànjú láti gbé igi mìíràn dábùú omi, odò tún gbé ìyẹn náà. Ọjà kan kọjá, ìkejì kọjá, ẹní kún ilé dé àjà. Èyí tó wá ń ba ìlú lẹ́rù ni òfin Ajélànwá. Ìlú tí ìsọ̀ rẹ̀ bá ṣófo ní ọjà mẹ́ta léraléra, wọn a gba ìsọ̀ náà fún ìlú mìíràn, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. Ọjà kẹta sì ku ọjọ́ mẹ́rin.

Baálẹ̀ pe ìpàdé. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, kò yọrí sí ibì kan, nítorí kò sí ẹni tó lè bá odò jà. Ìyá Ṣẹ̀gi tí ẹnu rẹ̀ mú dìde láti sọ̀rọ̀, ẹkún ló sun. Ó ní inú ìsọ̀ yẹn ni ìyá òun ti rọbí, orí ẹní tí wọn kò tíì tà ni wọ́n bí òun sí. Bí ìsọ̀ náà bá bọ́, òun kò mọ ibi tí òun yóò tọ́ka sí mọ́ pé ibẹ̀ ni òun ti wá. Àánú rẹ̀ ṣe Màmá Àwẹ̀ró gan-an, nítorí òun náà mọ bó ṣe ń rí lára kí ènìyàn máa wo ilé tó ṣófo.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ tún péjọ sábẹ́ igi. Ìyá àgbà kò ní ọkàn iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n pa ọjọ́ kan jẹ. Dádà ló kàn. Ó sọ ọ̀nà láti ẹnu ibodè dé ìdí igi àràbà, ó sọ ọ́ dáadáa, kò lo ọ̀rọ̀ èèwọ̀ kankan. Wọ́n yà á, wọ́n fi ẹ̀kùrọ́ kan sí ìdí àràbà. Nítorí pé ọ̀rọ̀ ọjà ló wà lẹ́nu gbogbo ayé, Ọ̀jẹ́lékè, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ ọ̀nà tí òun rìn nígbà tí òun lọ kí ìdílé ìyá òun. Abúlé àwọn amọ̀kòkò ni wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ̀ wá, ní òdìkejì odò. Ó ní láti abúlé náà, òun bá wọn ru ìkòkò lọ sí Ajélànwá, àwọn kò sì kọjá omi kankan. Wọ́n ya ìyẹn náà, láti abúlé dé ọjà.

Màmá Àwẹ̀ró tẹjú mọ́ iyanrìn. Ọ̀nà Dádà wà ní apá kan, ọ̀nà Ọ̀jẹ́lékè wà ní apá kejì, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju ìbú àtẹ́lẹsẹ̀ kan lọ. Ó wo àlàfo náà títí. Ó rántí àwọn obìnrin tó ru ìkòkò tuntun nínú ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká. Ibẹ̀ gan-an ni òun ti fi ẹsẹ̀ nù.

Ìtìjú mú un débi pé kò kọ́kọ́ lè gbé ojú sókè. Nígbà tó ṣe, ó di igi àgbálùmọ̀ mú, ó fi orúnkún tó ń ro ó dìde, ó rìn lọ sí ibi tí Àyọ̀ká jókòó sí lẹ́yìn, níwájú gbogbo àwọn ọmọ.

“Àyọ̀ká, ọmọ mi,” ni ó wí, “lọ́jọ́ yẹn, ẹnu tèmi ló ṣìnà. Má bínú. Jọ̀wọ́, tún ọ̀nà náà sọ fún mi.”

Àyọ̀ká wo ilẹ̀. Ó béèrè bóyá Màmá ò ní nù ún mọ́. Ìyá àgbà ká ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ ìró, ó ní kó wò ó, òun ti dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Igi tí Dádà mú lọ́wọ́ ń tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ lórí iyanrìn, ó kúrò ní ìdí àràbà, ó dé orí àpáta, ó la eérú kọjá, ó sì kan ọ̀nà àwọn amọ̀kòkò.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Baálẹ̀. Àwọn àgbà kan ní èèwọ̀ ni kí ènìyàn fi ọ̀nà baba ńlá sílẹ̀. Baálẹ̀ wo iyanrìn náà, ó sì bi wọ́n léèrè pé, “Baba ńlá wa náà, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rin ọ̀nà tirẹ̀, ta ló tẹ̀ lé?” Nítorí pé ọ̀nà yìí jìn fún ọmọdé, wọ́n ní kí Ọdẹ́wálé, bàbá Dádà, lọ rìn ín. Òun náà kò kọjá àràbà rí. Àyọ̀ká sọ ọ̀nà fún un lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú un kà á padà bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọkùnrin náà kùn pé ìyá òun gan-an kò kọ́ òun tó báyìí, àmọ́ ó kà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó wọlé dé pẹ̀lú ìkòkò tuntun lórí. Ó ní omi ti kún sí i nítorí òjò, ó mu òun dé orúnkún, ṣùgbọ́n ìyókù rí gẹ́lẹ́ bí ọmọ náà ṣe wí.

Ìlú dìde ní ìdájí ọjọ́ ọjà. Ìyá Ṣẹ̀gi ní ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ fojú rí i, ó sì ní kí wọ́n so ẹní tó dára jù nínú ti òun mọ́ ọ̀pá méjì. Orí rẹ̀ ni àwọn ọkùnrin mẹ́rin gbé Màmá Àwẹ̀ró sí. Àyọ̀ká ló ṣáájú. Nígbà tí wọ́n dé orí àpáta, ìyá àgbà ní kí wọ́n sọ òun kalẹ̀. Ó ti ẹsẹ̀ bọ omi náà, ẹsẹ̀ kan náà tó fi nu ọ̀nà, omi ń ṣàn lé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọjà ti kún kí wọ́n tó débẹ̀. Àwọn ahunní ìlú mìíràn ti gbá ìsọ̀ wọn, wọ́n ti ń tú ẹrù. Ìyálọ́jà Ajélànwá rí ọ̀wọ́ ènìyàn tó ru ẹní bọ̀ láti ọ̀nà àwọn amọ̀kòkò, ẹnu yà á. Ó ní òun gbọ́ pé afárá ti lọ, ṣé wọ́n fò ni? Ìyá Ṣẹ̀gi fa Àyọ̀ká síwájú, ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

“Ẹnu ọmọ yìí la gùn wá,” ni ó wí. “Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín.”

Àyọ̀ká wẹ̀yìn wo Màmá Àwẹ̀ró lórí ẹní. Ìyá àgbà mi orí sí i. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ wá sọ ọ̀nà náà láàárín ọjà, láti ẹnu ibodè Etíàbàtà títí dé ibi tó dúró sí, kò sí “lọ́hùn-ún” kan níbẹ̀. Nígbà tó parí, Ìyálọ́jà kọjú sí àwọn tó ń tú ẹrù, ó ní kí wọ́n dì í padà, àwọn onílé ti dé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Etíàbàtà kọ́ afárá mìíràn, wọn kò sì jẹ́ kí igbó bo ọ̀nà àpáta. Ìyá Ṣẹ̀gi fúnra rẹ̀ ló fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ wá sábẹ́ igi àgbálùmọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ ọjà náà, ó sì jókòó tì í láti gbọ́. Láti ìgbà náà, bí àgbà bá rí ẹni tí ọ̀nà kan dí mọ́, tó fẹ́ káwọ́ lérí, wọn a ní kó dìde kó wá òmíràn, nítorí ọ̀nà kan ò wọ ọjà.